Nígbà Tí Idán Bá Fẹ́ Gba Ìtàn Mọ́ Wa Lọ́wọ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi to ìtàn náà. Wọ́n bá akápò ọba nílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀, ọ̀bẹ lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn sì wà ní títì láti inú. Afurasí mẹ́fà ló wà nílẹ̀, lára wọn ni ìyàwó rẹ̀ kékeré, akọ̀wé kan tó jẹ ẹ́ ní gbèsè, àti oníṣòwò aṣọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ ibi tó sùn lóru ọjọ́ náà. Mo kọ lẹ́tà tí wọn yóò rí lábẹ́ ẹní. Mo tilẹ̀ ya àwòrán ààfin sórí bébà ńlá. A jókòó, mo ní kí n máa bá ìtàn lọ, àfi bí ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe àlùfáà nínú eré náà ṣe gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ tó ní, “Màá bá òkú yẹn sọ̀rọ̀. Ta ló pa á?” Ọkàn mi dàrú, mo sì sọ orúkọ apànìyàn náà. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí a jókòó.

Eré tí mò ń wí ni Dungeons & Dragons. Fún ẹni tí kò ṣe é rí, a máa ń jókòó yí tábìlì ká ni. Ẹnì kan yóò máa sọ ìtàn, àwọn yòókù yóò mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, ìbáà ṣe jagunjagun, olè, àlùfáà tàbí oṣó, wọn yóò sì máa sọ ohun tí ẹ̀dá wọn fẹ́ ṣe. Bí ohun náà bá lè bọ́ sí i tàbí kó má bọ́ sí i, dáìsì olójú 20 ni yóò dájọ́. Gary Gygax àti Dave Arneson ló gbé e jáde lọ́dún 1974, láti ìlú Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ń sọ ìtàn ni wọ́n ń pè ní DM. Apàlọ́ ni èmi yóò máa pè é, nítorí iṣẹ́ kan náà ni, àfi pé àwọn tó ń gbe àlọ́ níbí lè dá ìjàpá dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n sì tú ẹrù orí rẹ̀ wò.

Ìtàn kan lè gba oṣù mẹ́fà, ó sì lè gba ọdún mẹ́ta, bí ẹ bá ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó ṣe ń lọ ni ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ń gòkè, láti ìpele 1 títí dé ìpele 20. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Jagunjagun ìpele 1 ń fi idà gé nǹkan. Tó bá dé ìpele 17, idà náà ló ṣì ń fi gé nǹkan, ó kàn ń gé e léraléra ni, ó sì ń wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti oṣó, yàtọ̀ sí àwọn idán wẹ́wẹ́ tí kì í tán, àyè ọfọ̀ méjì péré, ìyẹn iye ìgbà tó lè pe ọfọ̀, ló ní lóòjọ́ ní ìpele 1. Ní ìpele 5 ó ti di mẹ́sàn-án, ó sì ti lè pe Fireball, iná tó ń yí dáìsì olójú 6 mẹ́jọ lé gbogbo ohun tó bá wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ibi tó bọ́ sí. Tó bá dé ìpele 17, Wish ti dé ọwọ́ rẹ̀: yóò ní “mo fẹ́ kó rí báyìí,” ayé yóò sì rí bẹ́ẹ̀. Èwo ni ti idà mọ́ níbẹ̀?

Ohun tó máa ń rú apàlọ́ tuntun lójú ni pé iná ló máa ń dá lẹ́bi. Fireball jó ọ̀tá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà, òun náà bá gbà pé Fireball ni ìṣòro òun. Irọ́ ni. Idà ń pa ọ̀tá, iná náà ń pa ọ̀tá. Kí apàlọ́ wá ọ̀tá kún un, tàbí kó tú wọn ká kí wọ́n má wà lójú kan. Ọfọ̀ tó ń ba ìtàn jẹ́ ni èyí tí kì í pa ẹnikẹ́ni. Fly ni ẹ kọ́kọ́ wò. O fẹ́ kí wọ́n fi odidi ìrọ̀lẹ́ kan wá ọgbọ́n sọdá ọ̀gbun, oṣó fò ó kọjá, ó so okùn mọ́ igi lódìkejì. Ẹ wo Goodberry, tó jẹ́ ọfọ̀ ìpele tó kéré jù. Èso mẹ́wàá ni yóò mú wá, èso kan sì tó ènìyàn kan jẹ fún odidi ọjọ́. Aṣálẹ̀ tí o fẹ́ fi ebi dẹ́rù bà wọ́n ti di ibi ìgbafẹ́. Ká má tíì wá sọ Teleport, tó ń gbé wọn kúrò ní ìlú kan bọ́ sí òmíràn lójú ẹsẹ̀, tí gbogbo àwọn ọlọ́ṣà tí o tò sójú ọ̀nà yóò fi máa dúró de ẹni tí kò ní gba ibẹ̀ kọjá láéláé.

Irú agbára bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹni tó bá ń wo fíìmù Yorùbá mọ kánàkò, ó mọ ẹgbẹ́ tó ń gbéni kúrò lójú ogun, ó sì mọ àfẹ́ẹ̀rí. Bí gbogbo wọn bá ń jẹ́ ní gbogbo ìgbà, fíìmù náà kò ní kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Èèwọ̀ ló ń gbé e dé apá kejì. Olóògùn tí ìbọn kì í ràn kò gbọdọ̀ jẹ ohun báyìí, kò gbọdọ̀ sùn sí ibi báyìí, ọ̀tá rẹ̀ yóò sì lọ fi ọ̀rọ̀ dídùn wá ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu wò. Àwa tó ń wò ó ti mọ̀ pé yóò jẹ ẹ́ níjọ́ kan, ohun tó mú wa jókòó nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí apàlọ́ máa wá nìyẹn. Má gba idán lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe oṣó. Wá èèwọ̀ rẹ̀, wá iye tó ń náni, kí ó lè máa rò ó kó tó pè é. Ìròyìn ayọ̀ ibẹ̀ sì ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ti wà nínú ìwé eré náà, a kì í kàn kà á dé ìparí.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé idán gbọ́dọ̀ ní ìjánu. Inú ìtàn Jack Vance, òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ni wọ́n ti mú ètò náà: oṣó yóò há ọfọ̀ sórí, tó bá ti pè é tán, ọfọ̀ náà yóò parẹ́ lórí rẹ̀ títí yóò fi tún há a. Nínú ìwé ọdún 1978, ọfọ̀ kan ṣoṣo ni oṣó ìpele 1 ní lóòjọ́, dáìsì olójú 4 ni wọ́n sì fi ń wọn ẹ̀mí rẹ̀. Ológbò tó bá bínú dáadáa lè sọ ọ́ di èrò ọ̀run. Bí ẹnikẹ́ni bá rí i lù nígbà tó ń pe ọfọ̀ lọ́wọ́, ọfọ̀ náà ti ṣòfò nìyẹn. Haste, tó ń mú ara yá, ń fi ọdún kan kún ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n pè é lé lórí. Nínú ẹ̀dà kejì, ọdún 5 ni Wish ń bù nínú ayé ẹni tó pè é. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde lọ́dún 2000, wọ́n fi 5,000 àmì ìrírí dípò ọdún náà, ìyẹn àwọn àmì tí ẹ̀dá kan fi ń gòkè. Ẹni tó bá fẹ́ kí ayé yí padà yóò bu nínú ohun tó ti fi oṣù mélòó kan kó jọ.

Wọ́n ti mú èyí tó pọ̀ nínú wọn kúrò báyìí. Mi ò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí kò sí adùn nínú kí ènìyàn jókòó wákàtí mẹ́rin kó sì jẹ́ ọfọ̀ kan ṣoṣo ló pè, tí ẹnì kan tún lù ú tó fi bàjẹ́. Ẹ̀dà karùn-ún, tó jáde lọ́dún 2014, fi ìjánu tó fúyẹ́ dípò wọn. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìfọkànsí. Ọ̀pọ̀ ọfọ̀ tó máa ń pẹ́ lójú iṣẹ́ ló ń béèrè pé kí ẹni tó pè é máa fọkàn sí i, ènìyàn kò sì lè fọkàn sí méjì pọ̀. Bí wọ́n bá ṣe é léṣe, yóò yí dáìsì olójú 20. Àfi kó mú 10 tàbí ìlàjì ọgbẹ́ náà, èyí tó bá pọ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọfọ̀ náà já. Ẹ padà síbi ọ̀gbun wa. Fly wà lára àwọn ọfọ̀ ìfọkànsí. Oṣó ti dé àárín méjì, tafàtafà kan sì wà lórí àpáta lódìkejì. Ọfà kan péré. Dáìsì olójú 6 kan ni wọ́n ń yí fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá já bọ́. Ẹ̀yin wò ó bóyá yóò ṣì máa fò bí ẹyẹ kiri. Apàlọ́ tí kì í bi oṣó pé “ṣé o ṣì ń fọkàn sí i?” ti fún un ní ẹ̀bùn tí ìwé kò fún un.

Ṣùgbọ́n oorun gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ wo ẹni tó ní inverter nílé. Bí NEPA bá ń mú iná wá ní wákàtí wákàtí, kò ní wo bátìrì lójú. Yóò tan ẹ̀rọ amúlétutù, yóò lọ ata, yóò lọ aṣọ. Jẹ́ kó gbọ́ pé iná kò ní dé títí di ọ̀la. Ẹ ó rí i tí yóò máa pa gílóòbù yàrá kan sí òmíràn, tí yóò máa bá ọmọ jà nítorí tẹlifíṣọ̀n. Bátìrì kan náà ni, ilé kan náà ni. Bẹ́ẹ̀ ni oṣó rí. Ìsinmi gígùn, ìyẹn wákàtí mẹ́jọ, ló ń kún àyè ọfọ̀ rẹ̀ padà. Ìwé apàlọ́ ti ọdún 2014 sì ṣírò rẹ̀ pé àwọn ẹ̀dá ìtàn tó jọ ń rìn lè kojú ìjà tàbí ewu mẹ́fà sí mẹ́jọ láàárín ìsinmi gígùn kan sí èkejì. Ẹ bi ara yín léèrè: mélòó lẹ máa ń ṣe? Ní ọ̀pọ̀ tábìlì tí mo ti jókòó, ọ̀kan ni. Méjì bí ọ̀sẹ̀ náà bá dára.

Gbogbo ìṣirò eré náà á wá dojú dé. Oṣó ìpele 5 tó yẹ kó fi àyè mẹ́sàn-án gba ìjà méje kọjá kó gbogbo rẹ̀ lé ìjà kan ṣoṣo lórí, ó wá ní “ẹ jẹ́ ká sùn.” Jagunjagun, tí àǹfààní rẹ̀ jẹ́ pé idà rẹ̀ kì í tán, kò rí ọjọ́ tí àǹfààní náà yóò hàn. Ẹni tó ń ṣe jagunjagun á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ fóònù. Apàlọ́ á rò pé ọfọ̀ oṣó ló lágbára jù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fagi lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìjà á sì dé. Bẹ́ẹ̀ oorun ló pọ̀ jù.

Ohun àkọ́kọ́ tí yóò ṣe kò ná an ní nǹkan kan: ìwé ọdún 2014 sọ pé ìsinmi gígùn kan péré ló ń ṣiṣẹ́ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó jí ní aago mẹ́fà, tó jà ní aago mẹ́jọ, lè dùbúlẹ̀ kó máa hanrun bó bá wù ú, àyè ọfọ̀ kan kò ní padà títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Lẹ́yìn náà, kí àsìkò máa rìn nínú ìtàn. Àwọn tí wọ́n jí gbé yóò kọjá sí òkè òkun bí ọkọ̀ bá gbéra ní òwúrọ̀. Ọ̀tá tó sá mọ́ wọn lọ́wọ́ yóò kó ẹrù rẹ̀, yóò pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, yóò sì tú afárá. Bí wọ́n bá sùn, kí wọ́n jí bá ayé tó ti yí díẹ̀. Kò pọn dandan kó burú; kó ṣáà ti yí.

Ẹnì kan yóò ní Tiny Hut ńkọ́, àgọ́ idán tí wọ́n ń pè láìná àyè ọfọ̀, tó ń dáàbò bo gbogbo wọn fún wákàtí mẹ́jọ. Kò burú, ẹ jẹ́ kí wọ́n sùn nínú rẹ̀. Àgọ́ náà kò sọ pé kí àwọn tó wà níta padà sílé. Ọmọ ogun 40 lè jókòó yí i ká kí wọ́n máa sun iṣu jẹ títí wákàtí yóò fi pé. Wọ́n sì lè gbàgbé wọn síbẹ̀ pátápátá, kí wọ́n kó ìṣúra náà gba ẹnu ọ̀nà kejì lọ. Èyí kejì máa ń dun àwọn eléré ju ogun lọ.

Fún ìtàn tó dá lórí ìrìn-àjò tàbí ọ̀ràn ààfin, tí ìjà kì í ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ìwé kan náà fi àyè òfin mìíràn sílẹ̀: wákàtí mẹ́jọ di ìsinmi kúkúrú, ọjọ́ méje di ìsinmi gígùn. Mo ti lò ó fún ìtàn kan tó gba oṣù mẹ́jọ. Oṣó wa tó máa ń fi idán ṣílẹ̀kùn bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ olè pé kó bá òun wo àgádágodo. Ṣùgbọ́n ẹ má gbé e wọ inú ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ní láti já kí ilẹ̀ tó mọ́. Gbogbo wọn ni yóò kú síbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká dé ọjà. Àwọn àgbà ní oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Eré yìí gbà bẹ́ẹ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ jíjí òkú dìde. Revivify, tó ń jí ẹni tí kò tíì kú ju ìṣẹ́jú kan lọ, ń jẹ dáyámọ́ńdì olówó wúrà 300. Raise Dead ń jẹ ti 500, òkú náà kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ. Resurrection ń jẹ ti 1,000. True Resurrection, tó ń jí ẹni tó ti kú láti bí igba ọdún, ń jẹ ti 25,000. Wọn kì í yá dáyámọ́ńdì náà. Ọfọ̀ ń jẹ ẹ́ tán ni.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣi òfin mú. Ọ̀pá idán tàbí àpò èròjà tí oṣó gbé kọ́rùn lè dúró fún ìyẹ́ ẹyẹ, imí àdán àti àwọn nǹkan yẹpẹrẹ tí ìwé kò dárúkọ iye wọn. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti lè dárúkọ iye, tàbí tó ní ọfọ̀ náà ń jẹ èròjà ọ̀hún tán, ọ̀pá kò lè dúró fún un, àfi kó ní nǹkan náà lọ́wọ́ gan-an. Ibẹ̀ ni apàlọ́ ti ní agbára tí kò mọ̀ pé òun ní, nítorí òun ló mọ ibi tí dáyámọ́ńdì wà. Ní abúlé apẹja, ta ni yóò ní in? Ní ìlú ńlá, ọwọ́ oníṣòwò kan ni gbogbo rẹ̀ wà, kò sì fẹ́ owó, iṣẹ́ kan ló fẹ́ kí wọ́n bá òun jẹ́ lóru. Jàgùdà kan já àpò náà gbà lọ́jà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ogun. Òfin kankan kò yí padà, ikú ṣáà ti tún di ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù.

Ọfọ̀ tún ní ẹnu àti ọwọ́. Èyí tó pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ń pè sókè tí wọ́n sì ń fọwọ́ júwe. Oṣó tí wọ́n dè lọ́wọ́, tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu, kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èmi àti ìwọ. Mo máa ń rí eléré tó fẹ́ pe Charm Person, ọfọ̀ tó ń sọ ẹni di ọ̀rẹ́ ẹni tó pè é, lé ẹ̀ṣọ́ lórí lójú agbo, nínú àsè ọba. Ṣé àwọn tó kù fọ́jú ni? Gbogbo àsè yóò dákẹ́. Kódà bí ẹnikẹ́ni kò bá rí i, nígbà tí idán náà bá tán lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ̀ṣọ́ yóò mọ̀ pé ẹni báyìí ló fi idán mú òun, yóò sì lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ìlú tí idán ti wà fún igba ọdún yóò ti ní òfin lórí rẹ̀, yóò ní adájọ́ tí kì í gba ẹ̀rí tí wọ́n fi idán yọ lẹ́nu ènìyàn. Zone of Truth náà, tó ń dènà irọ́, kò fipá mú ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ mọ̀ pé òun wà nínú rẹ̀, ó sì lè pa ẹnu mọ́. Ẹni tó bá ti bá àgbà olóṣèlú sọ̀rọ̀ rí mọ bí ènìyàn ṣe lè fi òtítọ́ pọ́ńbélé sú ènìyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Teleport tí mo ń ráhùn nípa rẹ̀ lókè náà ní tirẹ̀. Bí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n ń lọ, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ròyìn rẹ̀ fún wọn ni, nǹkan bí ìgbà 27 nínú 100 péré ni wọn yóò bọ́ sójú ibi tí wọ́n fẹ́. Nígbà yòókù, wọ́n lè bọ́ sí ibi tó jìnnà sí i, wọ́n lè bọ́ sí ibi tó kàn jọ ọ́, idán náà sì lè yọwọ́ lórí kó ṣe wọ́n léṣe. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ilé ọ̀tá jẹ́ ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò dé rí.

Wish ńkọ́? Gbogbo apàlọ́ ló ń bẹ̀rù rẹ̀, ó sì rọrùn ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Bí oṣó bá fi ṣe àfarawé ọfọ̀ mìíràn tí kò ju ìpele 8 lọ (ọfọ̀ náà ní ìpele tirẹ̀, ó yàtọ̀ sí ti ẹ̀dá), kò sí ìyà kankan. Bó bá ti fẹ́ ju ìyẹn lọ, ara rẹ̀ yóò gbà á. Agbára ara rẹ̀ yóò já sí 3 fún ọjọ́ mélòó kan, ọfọ̀ yòówù tó bá tún pè kó tó sinmi gígùn yóò ṣe òun fúnra rẹ̀ léṣe, ìgbà 33 nínú 100 sì ni kò ní lè pe Wish mọ́ títí ayé rẹ̀. Ìyà yẹn tó. Àwọn apàlọ́ kan máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu mú oṣó, bí i kó ní òun fẹ́ di ọba, kí apàlọ́ sì sọ ọ́ di ọba ìlú tí àjàkálẹ̀ àrùn ti pa tán. Ẹ̀ẹ̀kan ni ìyẹn ń pa ènìyàn lẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹni náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ bí ìwé àdéhùn lọ́ọ́yà, ojú ìwé mẹ́ta, ìwọ ni wàá sì kà á.

Àwọn eré mìíràn gbé tiwọn gba ibòmíràn. Nínú Call of Cthulhu, tó jáde lọ́dún 1981, orí ẹni tó ń pe ọfọ̀ ni yóò máa dàrú díẹ̀díẹ̀. Nínú Shadowrun ti ọdún 1989, ọfọ̀ ń tán ẹni tó pè é lókun, ó sì lè dá a kú. Ars Magica ti ọdún 1987 ló yà mí lẹ́nu jù, nítorí kò dín agbára oṣó kù rárá. Olúkúlùkù ni yóò ní oṣó kan àti ẹlẹgbẹ́ tí kì í ṣe oṣó, wọn yóò sì máa gbà á ṣe láàárín ara wọn: lónìí oṣó tìrẹ ló jáde, èmi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ náà yóò gbé ẹrù mi. Ìlara kò ríbi gbà wọlé.

Ohun tí mo bẹ yín kí ẹ má ṣe ni kí ẹ fi odi ṣe ìdáhùn. Ẹ ti mọ irú ilé olódi bẹ́ẹ̀: idán kò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, Fly kò ṣiṣẹ́ lókè rẹ̀, gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó wà níbẹ̀ ló sì ní òrùka tí ọfọ̀ kì í ràn. Lẹ́ẹ̀kan nínú ìtàn ọdún kan, ó dára, ẹ̀rù yóò ba oṣó. Bó bá di gbogbo ilé, ohun tí ẹ ń sọ fún ẹni náà ni pé kò yẹ kó mú oṣó. Bákan náà ni fífagi lé ọfọ̀ láàárín ìtàn, lẹ́yìn tí ẹnì kan ti fi oṣù mẹ́rin dúró de ìpele tí yóò fi ní in. Bí ọfọ̀ kan bá wà tí ẹ kò fẹ́ rí sójú, ẹ sọ ọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ jókòó, kí ẹ tó kọ orúkọ ẹ̀dá kankan sílẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ máa ń fẹnu kò pé ìpele 6 ni ìtàn yóò dúró sí, tí kò ní sí Teleport, tí Wish yóò sì jẹ́ ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú ìtàn àwọn àgbà. Ó wù mí láti gbìyànjú rẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ òkú akápò yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo délé lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ka Speak with Dead dé ìparí. Ìbéèrè márùn-ún péré ni. Ohun tí òkú mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ máa ń kúrú, ó sì máa ń fì síbìkan. Bó bá ka ẹni tó ń bi í sí ọ̀tá, kò sí ohun tó fipá mú un sọ òtítọ́. Bí òkú kò bá ní ẹnu mọ́, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí wọ́n bá sì ti bi í léèrè lẹ́ẹ̀kan, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gún akápò mi lọ́bẹ! Ibo ló ti fẹ́ rí ẹni náà?

Oṣù kan lẹ́yìn náà, ní ìlú mìíràn nínú ìtàn kan náà, mo tún tẹ́ òkú kalẹ̀ fún wọn. Agbowó-orí ni lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀yìn náà ni wọ́n ti gún un. Ọ̀rẹ́ mi gbé ife tíì kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ta ló pa ọ́?”

“Ẹni tó dúró lẹ́yìn mi.”

“Ta ló dúró lẹ́yìn rẹ?”

“Mi ò bojú wẹ̀yìn.”

Ó gbé ife náà sókè padà, kò sì mu ún. Àwọn yòókù sún àga wọn mọ́ tábìlì. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ láàárín ara wọn fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kí ó tó tún yíjú sí mi.

“Kí lò ń ṣe nígbà yẹn?”

“Mò ń ka owó.”

“Owó ta ni?”

“Owó ọba.”

“Ó pé?”

“Kò pé.”

“Ó ku mélòó?” Èmi ló ń bi, kì í ṣe òkú.

“Ó ti tán. Àfi lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá.”

Ó wo ìwé rẹ̀ títí. Ẹni tó ń ṣe olè, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́, ló ní, “Ẹ jẹ́ ká lọ wo àpò owó náà ná.”